Ọjà olórúkọ àbí ti ṣọ́ọ̀bù fúnra ẹ̀: àwọn àṣìṣe tó ń gbọ́n owó wa lọ l'Ékòó

Sátidé tó kọjá, mo wà lórí láìnì ní sùpámákẹ́ẹ̀tì kan ní Ìkẹjà, ìyá ọlọ́mọ kan wà níwájú mi, ọmọ kan lẹ́yìn ẹ̀, ìkejì ń fà á láṣọ. Mo ti kọ́kọ́ rí i níbi tí wọ́n to ṣúgà sí. Ó mú èyí tó jẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù yẹn fúnra ẹ̀, tí wọ́n fi orúkọ ṣọ́ọ̀bù sí lára, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó wo ọ̀tún wo òsì bíi pé ẹnì kan ń ṣọ́ ọ, ó dá a padà, ó wá lọ mú ti ilé iṣẹ́ ńlá tí gbogbo wa mọ̀ láti kékeré, tówó ẹ̀ fi dáadáa ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ kásíà, owó ò pé, ó ní kí wọ́n bá òun yọ ẹyin kúrò. Ẹyin o! Ẹyin tí àwọn ọmọ yẹn ìbá jẹ. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí délé, òun ló jẹ́ kí n jókòó kọ eléyìí, torí ohun tí ìyá yẹn ṣe, èmi náà ti ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ nìyẹn, ká máa sanwó orúkọ lórí nǹkan tí orúkọ ò kan. Ṣúgà ni ṣúgà, iyọ̀ ni iyọ̀. Láti 2002 ni wọ́n ti sọ ọ́ di dandan ní Nàìjíríà pé kí fítámì A wà nínú ṣúgà, fúláwà àti òróró tí à ń rà lọ sílé, wọn ò sì sọ pé àwọn tó ń polówó lórí tẹlifíṣọ̀n nìkan lọ̀rọ̀ náà kàn. Ẹ wo ara náílọ́ọ̀nù ẹ̀ dáadáa, ẹ máa rí àmì kékeré kan tó dà bí ẹyinjú, àmì fítámì A nìyẹn. Tí àmì yẹn bá wà, tí nọ́ńbà NAFDAC wà, tí déètì ẹ̀ ò tíì kọjá, kí lẹ tún ń wá? Bákan náà ni ìṣáná, fóìlì, náílọ́ọ̀nù ìdalẹ̀nù, tóótípíìkì. Ẹ mú èyí tówó ẹ̀ wálẹ̀, kẹ́ ẹ fi ṣéńjì ra ẹyin.

Àwọn èèyàn máa ń ní tí kò bá ní nǹkan nínú, kí ló dé tó fi pọ́ọ́kú? Kò sí àdìtú kankan níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ olórúkọ ń sanwó pátákó ìpolówó, ó ń sanwó rédíò, ó ń sanwó fún òṣèré tó ń rẹ́rìn-ín lára páálí, àwọn alágbàtà sì ń jẹ tiwọn kó tó dé orí káńtà, ti ṣọ́ọ̀bù ò ru gbogbo ẹrù yẹn. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ṣọ́ọ̀bù ò sì ní ilé iṣẹ́ kankan, wọ́n gbé e fún àwọn tó ń ṣe irú nǹkan yẹn tẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n bá àwọn dì í, ẹ yí ẹ̀yìn ẹ̀ padà, ẹ máa rí orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó ṣe é gan-an níbẹ̀. Ẹni tó bá sì ń sọ pé òun ò lè jẹ nǹkan tí ṣọ́ọ̀bù fi orúkọ ara ẹ̀ sí lára, ẹ bi í pé búrẹ́dì wo ló jẹ láàárọ̀. Búrẹ́dì gbígbóná tí gbogbo wa ń tò sí láìnì fún nírọ̀lẹ́ ní sùpámákẹ́ẹ̀tì, ta ló ń ṣe é?

Àṣìṣe kejì ló burú jù lójú tèmi, òun ni ká máa pe ọjà afarawé ní ọjà ṣọ́ọ̀bù. Wọn kì í ṣe nǹkan kan náà rárá! Ọjà ṣọ́ọ̀bù ní ẹni tó dúró fún un, tó bá bàjẹ́ ẹ mọ ẹnu ọ̀nà tẹ́ ẹ máa gbé e lọ. Afarawé ni èyí tó jí àwọ̀ olórúkọ, jí àwòrán ẹ̀, tó wá yí lẹ́tà kan padà nínú orúkọ. Nígbà tá a fẹ́ ṣe ìkómọ ọmọ àbúrò mi, mo lọ ra páálí tòmátò oní-sáṣẹ́ẹ̀tì kan ní Òkè-Àrìn, èrò pọ̀, oòrùn mú, alábàárù ń pariwo àgò lẹ́yìn mi, mo rí pupa tí mo mọ̀, mo sanwó. Ọjọ́ ìkómọ ni ìyá tó ń bá wa dáná dà á sórí òróró gbígbóná, dípò kó dín kí òróró sì yọ lójú ẹ̀, ńṣe ló kì bí ẹ̀kọ, ó lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò, ó wá ń ta pàrà sí wa lápá. Ìyá yẹn ò sọ̀rọ̀, ó kàn na sáṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀ sí mi. Ìgbà yẹn ni mo tó ka ẹ̀yìn ẹ̀: omi ló ṣáájú, lẹ́yìn ẹ̀ ni tòmátò, sítáàṣì tẹ̀ lé e, wọ́n wá fi àwọ̀ sí i. Níwájú, wọn ò tiẹ̀ pè é ní tòmátò gidi, wọ́n kọ "mix" sí i ní kékeré.

Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ pé bí wọ́n bá ṣe to nǹkan inú ẹ̀ tẹ̀ léra, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe pọ̀ tó, èyí tó bá wà níwájú ló pọ̀ jù. Látìgbà náà, bó jẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù bó jẹ́ ti olórúkọ, ẹ̀yìn ni mo ń kọ́kọ́ wò. Mílíìkì oníyẹ̀fun ńkọ́? Ẹ wò ó bóyá wọ́n kọ "filled" tàbí "fat filled" sí i. Tẹ́ ẹ bá rí ìyẹn, ọ̀rá mílíìkì kọ́ ló wà níbẹ̀, òróró ewébẹ̀ ni wọ́n fi rọ́pò ẹ̀. Kì í ṣe májèlé o, àwọn olórúkọ pàápàá ń ṣe é, àmọ́ ẹ má gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògidì mílíìkì kẹ́ ẹ wá ní eléyìí pọ́ọ́kú jù ú lọ, ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ tí ò tíì pé ọdún kan, ẹ má fi èyíkéyìí nínú wọn rọ́pò ọmú tàbí oúnjẹ ọmọ ìkókó tí wọ́n dìídì ṣe fún un. Ẹ má sì bu omi lé ti ọmọ ìkókó kọjá bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sí ara agolo torí pé ẹ fẹ́ kó pẹ́.

Ẹ̀ẹ̀kẹta, ká máa wo owó láìwo ìwọ̀n. Ká ní ọjà olórúkọ kan jẹ́ gráàmù 850, wọ́n ń tà á ní ₦4,250, ti ṣọ́ọ̀bù jẹ́ ₦3,900. Ojú máa sáré lọ síbi ₦3,900. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ gráàmù 750 ló wà nínú ti ṣọ́ọ̀bù, ẹ fi fóònù yín pín in: náírà márùn-ún ni gráàmù kan olórúkọ, ti ṣọ́ọ̀bù lé díẹ̀ ní náírà márùn-ún. Èyí tẹ́ ẹ rò pó pọ́ọ́kú ló wọ́n yẹn. Sáṣẹ́ẹ̀tì kéékèèké náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, mo mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo wa lówó ike ńlá wà lọ́wọ́ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, mi ò bá ẹnikẹ́ni wí, àmọ́ ẹ ṣírò ẹ̀ ná. Tíṣù ìnùdí ńkọ́, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ yọjú wo ihò àárín ẹ̀. Mo ti ra méjì tó ga dọ́gba rí, ìka mi mẹ́ta wọ inú ihò ọ̀kan, ti ìkejì ò gba ju ìka kan ààbọ̀ lọ.

Bílíìṣì náà ní ìwọ̀n tiẹ̀, ìdá tí wọ́n kọ síwájú sodium hypochlorite lẹ máa fi wé ara wọn, torí tí ti ṣọ́ọ̀bù bá fẹ́lẹ́ jù, ẹ máa dà á tó ìlọ́po méjì kí aṣọ tó mọ́. Agbára ẹ̀ sì máa ń dínkù bó bá ṣe ń pẹ́ àti bí oòrùn bá ń pa á, torí náà kódà kó jẹ́ olórúkọ, èyí tó ti jókòó sínú oòrùn Òṣòdì láti ọjọ́ pípẹ́, mi ò ní rà á.

Àṣìṣe mìíràn ni ká rò pé olórúkọ ò lè yí padà. Màmá mi ò fi nǹkan míì fọṣọ rí àfi Omo. Ní 2023 ni Unilever Nigeria kéde pé àwọn máa jáwọ́ nínú ọṣẹ ìfọṣọ àti ọṣẹ ìwẹ̀, tó fi mọ́ Omo, Sunlight àti Lux. Ní December ọdún yẹn kan náà, P&G tó ni Ariel náà ní àwọn ò ní ṣe nǹkan ní Nàìjíríà mọ́, ńṣe làwọn máa máa kó o wọlé láti òkè òkun. Náírà sì ti já wálẹ̀ láti June ọdún yẹn, èyí tó ń sọ ọjà òkè òkun di ọ̀wọ́n. Torí náà ẹ má fi ojú àná wo ohun tẹ́ ẹ ń rà lónìí, ẹ tún wo ẹni tó ń ṣe é báyìí àti ibi tó ti ń wá.

Ẹ má sì ra odindi páálí nǹkan tẹ́ ẹ ò tíì tọ́ wò. Ẹ ra kékeré kan, ẹ dà á sínú ike tí kò ní orúkọ lára, ẹ má sọ fún ará ilé, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ẹnì kan máa sọ̀rọ̀. Nílé wa, ti kọ́ńfúléèkì, kò sẹ́ni tó fura, wọ́n jẹ ẹ́ tán. Ti tíì, ọkọ mi mọ̀ lọ́jọ́ kìíní pé kì í ṣe èyí tóun ń mu, a sì padà sí ti tẹ́lẹ̀.

Tí ọjà bá wá ní àbùkù ńkọ́, bó ti wù kó jẹ́, ẹ má gbà kí wọ́n fi ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri pé wọn kì í gba ọjà padà lé yín lọ. Òfin 2018 tó dá FCCPC sílẹ̀, ìyẹn àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ọjà tó lábùkù padà. Ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè ni rìsíìtì, ìwé rìsíìtì wọ̀nyẹn sì máa ń ṣá títí kò fi ní ṣeé kà mọ́, torí náà mo máa ń ya fọ́tò tèmi níwájú kásíà, kí n tó gbé báàgì.