Owó Tí Ìdin Ewé Kábéèjì Ná Mi ní Àkùrọ̀

Ohun tó mú mi kọ ìrírí yìí ni pé owó tí mo ná lórí oògùn apakòkòrò fún kábéèjì tí mo gbìn sí àkùrọ̀ kan ní apá Mọ́níyà, ní Ìbàdàn, ju owó irúgbìn, ajílẹ̀ àti owó àwọn òṣìṣẹ́ lápapọ̀ lọ, síbẹ̀ èyí tó pọ̀ jù nínú oògùn náà kò ṣiṣẹ́. Inú ṣì ń bí mi, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí ì bá gbà mí lọ́wọ́ ìnáwó yìí wà lára ìgò tí wọ́n tà fún mi, ẹni tó tà á kò sì là á yé mi.

N kò ní pẹ́ lórí bí a ṣe ń gbin irúgbìn kábéèjì sínú ebè kékeré tí a fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣíji bò, tí a ó sì tú u lọ sí oko lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún, nítorí ẹni tó bá ti gbin tòmátì rí ti mọ̀ ọ́n. Irúgbìn nìkan ni kí a ṣọ́ra fún. Kábéèjì fẹ́ràn òtútù, ìdí nìyẹn tó fi ń ṣe dáadáa ní Jos, nítorí náà ẹ béèrè irú tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀ tó móoru, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ewé lásán ni yóò máa yọ, kò ní ká jọ.

Ìdin àfòpiná kékeré kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Plutella xylostella ni ó dá mi dúró. Ìdin náà ní àwọ̀ ewé, kò sì ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan lọ. Abẹ́ ewé ni ó máa ń wà, yóò jẹ inú ewé náà, yóò sì ṣẹ́ awọ òkè rẹ̀ fẹ́lẹ́ kù, débi pé bí a bá gbé ewé náà sókè kọjú sí oòrùn, ìmọ́lẹ̀ yóò máa gba ibẹ̀ wọlé. Bí a bá fọwọ́ kàn án, yóò ta gìrì sẹ́yìn, yóò fi okùn tín-ín-rín rọ̀ sísàlẹ̀, tí ó bá sì rí i pé ara ti rọ̀, yóò gun okùn náà padà sókè. Nínú ooru, kò ju bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta lọ tí ẹyin fi ń di àfòpiná. Òjò ńlá a máa gbá púpọ̀ nínú wọn dànù, ṣùgbọ́n ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni a ń ṣe àkùrọ̀, kò sì sí òjò tí yóò bá wa lé wọn.

Mo gba ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta oògùn oko lọ, wọ́n ta oògùn apakòkòrò kan tí ń jẹ́ cypermethrin fún mi. Ìdin náà ń jẹun lọ. Mo padà lọ, ọ̀gbẹ́ni náà ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀, èyí le ju ti àkọ́kọ́ lọ," ó sì gbé lambda-cyhalothrin lé mi lọ́wọ́ ní owó tó wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdílé kan náà ni oògùn méjèèjì ti wá, pyrethroid ni wọ́n, ọ̀nà kan náà ni wọ́n sì ń gbà pa kòkòrò, nítorí náà ìdin tí ọ̀kan kò ràn, èkejì kò lè ràn án dáadáa. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ó tún ta òmíràn fún mi lábẹ́ orúkọ mìíràn, tí lẹ́tà wẹ́wẹ́ tó wà lára rẹ̀ fi hàn pé cypermethrin kan náà ni. Kòkòrò yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa borí oògùn: láti ọdún 1953 ni wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní erékùṣù Java, ní Indonesia, pé DDT, oògùn apakòkòrò àtijọ́ kan, kò ràn án mọ́. Ẹni tó ń ta oògùn fún àwọn àgbẹ̀ yẹ kí ó mọ èyí.

Èso dóńgóyárò ni ó gbà mí. A sá a gbẹ, a pa á, a gún kóró inú rẹ̀, a rẹ gíráàmù 50 sínú lítà omi kọ̀ọ̀kan mọ́jú, a sẹ́ ẹ, a sì fi ọṣẹ díẹ̀ sí i, nítorí pé ara ewé kábéèjì ń yọ̀, omi lásán kì í dúró lórí rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ fọ́n ọn, kí oòrùn má baà ba agbára rẹ̀ jẹ́, kí ẹ sì dojú ẹnu pọ́ǹpù sókè kí ó lè kan abẹ́ ewé. Àwọn òṣìṣẹ́ mi ní kò ṣiṣẹ́, nítorí pé ìdin náà ṣì wà láàyè ní òwúrọ̀. Ṣùgbọ́n oúnjẹ ni dóńgóyárò kọ́kọ́ ń gbà lẹ́nu ìdin, kì í sì í jẹ́ kí ó lè bọ́ awọ láti dàgbà. Ewé tuntun tó yọ lẹ́yìn náà jáde láìní ojú ihò kan. Mo fi Bt, oògùn tí wọ́n fi bakitéríà ṣe, gbà á láàárín, kí ọ̀kan nínú oògùn méjèèjì má baà mọ́ ìdin lára.

Kábéèjì tí mo kó lọ sí Bódìjà le gbagidi, ó wúwo lọ́wọ́, àwọn alájàpá tó ń ra ti Jos sì yí i wò lọ́tùn-ún lósì kí wọ́n tó gbà pé Ìbàdàn ni ó ti wá. Mo fi èyí yangàn.

Bí ẹ bá fẹ́ gbìn ín, orúkọ oògùn gan-an ni kí ẹ kà lára ìgò, ẹ má ka orúkọ ọjà. Láti orí ebè kékeré ni kí ẹ ti máa ṣí abẹ́ ewé wò. Bí ẹ bá sì kórè tán, ẹ hú gbogbo kùkùté rẹ̀, kí ẹ sun ún, nítorí pé ara ewé tó kù níbẹ̀ ni ìdin ń hun ilé sí de ẹni tí yóò tún gbìn.