Páákì káráfáànù ní England: bí ẹ ṣe lè mọ̀ bóyá ó ṣeé fi ṣe ilé ìgbé

Ilẹ̀ ni òfin England máa ń wò kó tó wo káráfáànù, ìyẹn ilé tó ṣeé gbé rìn, tó wà lórí rẹ̀. Káráfáànù méjì lè jọ ara wọn bí ìbejì, kí wáyà ọgbà kan ṣoṣo pín wọn níyà, síbẹ̀ kí ẹni tó ń gbé inú ọ̀kan jẹ́ onílé tí ilé-ẹjọ́ nìkan lè ní kó kúrò, kí ẹnì kejì sì jẹ́ àlejò tó gbọ́dọ̀ kẹ́rù rẹ̀ bí àdéhùn rẹ̀ bá parí. Inú ìwé méjì tó wà lọ́wọ́ kánsù (ìjọba ìbílẹ̀) ni ìyàtọ̀ náà wà. Ẹ ka méjèèjì kí ẹ tó fi owó kankan sílẹ̀.

Ìwé kìíní ni planning permission, ìyẹn ìyọ̀ǹda tó sọ ohun tí wọ́n lè fi ilẹ̀ náà ṣe. Ẹ lọ sí ojú òpó kánsù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ fi postcode páákì náà wá a. Ọ̀pọ̀ páákì ti wà kí íntánẹ́ẹ̀tì tó dé, nítorí náà bí ẹ kò bá rí nǹkan kan, ẹ kọ ímeèlì sí ọ́fíìsì planning, kí ẹ béèrè fún ẹ̀dà decision notice (ìwé ìpinnu kánsù) àti máàpù tó bá a rìn. Máàpù yẹn ṣe kókó. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń fẹ páákì, torí náà ó lè ní ìwé mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí apá kan jẹ́ ti ibùgbé, kí èyí tó kù jẹ́ ti ìsinmi. Ààyè tí wọ́n fẹ́ tà fún yín gan-an ni kí ẹ wá lórí rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ ka àwọn condition (òfin tó rọ̀ mọ́ ìyọ̀ǹda náà) ibẹ̀. Bí ẹ bá rí "holiday purposes only" (fún ìsinmi nìkan), tàbí pé káráfáànù kò gbọ́dọ̀ jẹ́ "sole or main place of residence" (ilé kan ṣoṣo tàbí olórí ilé) ẹnikẹ́ni, ibẹ̀ kì í ṣe ibi ìgbé. Wọ́n sábà máa ń fi kún un pé kí onípáákì ní rẹ́jísítà tí àdírẹ́sì ilé gidi oníkáráfáànù kọ̀ọ̀kan wà nínú rẹ̀, kí kánsù lè yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìwé kejì ni site licence, ìyẹn ìwé àṣẹ láti ṣe páákì, tí òfin 1960 lórí páákì káráfáànù dá sílẹ̀. Òfin yẹn kan náà ló ní kí kánsù ní rẹ́jísítà licence tí gbogbo ará ìlú láǹfààní láti wò. Ẹ máa rí iye káráfáànù tí wọ́n gbà láyè níbẹ̀, àti ọ̀rọ̀ omi, ìdọ̀tí àti iná. Fún páákì ibùgbé, ìlànà 2008 ní kí àlàfo láàárín káráfáànù méjì tó mítà 6, kí iná má baà fò láti ọ̀kan sí èkejì. Ẹ fojú ara yín wo àlàfo náà. Bí ṣẹ́ẹ̀dì onípákó bá ti dí i, ó ṣeé ṣe kí kánsù ní kí wọ́n wó o.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kó sí pàkúté ni gbólóhùn "oṣù 12". Páákì ìsinmi kan lè máa ti ilẹ̀kùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ní ìgbà òtútù, òmíràn lè ṣí láti January dé December. Èyí tó ṣí yíká ọdún kàn ń sọ pé ẹ lè wá sinmi nínú oṣù tó bá wù yín ni. Kò sọ pé ẹ lè fi ibẹ̀ ṣe ilé. Bí ẹni tó ń tà á bá ní kí ẹ ṣáà fi àdírẹ́sì ọmọ yín sínú fọ́ọ̀mù bí ẹni pé ibẹ̀ ni ilé gidi yín, ẹ dìde kúrò níwájú rẹ̀. Ó mọ ohun tó ń ṣe.

Àwọn kánsù kan ní ìdí tó lágbára fún títi páákì. Etíkun Lincolnshire, ní ìlà-oòrùn England, rẹlẹ̀ gan-an, ìkún omi òru ọjọ́ 31 January 1953 sì pa èèyàn níbẹ̀. Ẹni tó sùn sínú káráfáànù lóru òtútù ló máa wà nínú ewu jù bí òkun bá tún kún.

Bí páákì bá jẹ́ ti ibùgbé lóòótọ́, òfin 1983 (Mobile Homes Act) ló ń dáàbò bò yín. Onípáákì gbọ́dọ̀ fún yín ní written statement (ìwé tó to ohun tó wà nínú àdéhùn), ó kéré tán ọjọ́ 28 kí ẹ tó fọwọ́ sí àdéhùn, àyàfi bí ẹ bá fọwọ́ síwèé pé kí ó yá jù bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá tà á, kò lè gbà ju ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún owó náà lọ. Láti ọjọ́ 2 July 2023, CPI, òṣùwọ̀n bí ọjà ṣe ń gbówó lórí, ni wọ́n fi ń ṣírò àfikún owó ààyè lọ́dọọdún, kì í ṣe RPI, òṣùwọ̀n ti tẹ́lẹ̀, mọ́. First-tier Tribunal, ìgbìmọ̀ tó ń dájọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ni ẹ máa gbé ẹjọ́ lọ. Ní páákì ìsinmi, kò sí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí. Ohun tí àdéhùn bá sọ ni abẹ gé: ó lè ní kí ẹ gbé káráfáànù kúrò bó bá ti pé ọdún iye kan, ó sì lè gbà ju ìdá 10 lọ.

Council tax, owó orí ilé tí kánsù ń gbà, kì í ṣe ẹ̀rí pé ilẹ̀ náà jẹ́ ti ibùgbé. Ẹni tó fi káráfáànù ṣe ilé sábà máa ń san ti band A (ìpele tó kéré jù), ṣùgbọ́n ọ́fíìsì tó ń gba owó náà kò mọ ohun tí ọ́fíìsì planning ń ṣe. Ẹ lè máa san án kí ìwé ìkìlọ̀ sì wọlé. Bẹ́ẹ̀ náà ni BS 3632, ìwọ̀n ìkọ́lé káráfáànù ibùgbé: ó ń jẹ́ kí ògiri nípọn ju ti EN 1647 tó wà fún ìsinmi lọ, àmọ́ kò yí ilẹ̀ padà.

Bí ẹ bá ti ń gbé páákì ìsinmi, ẹ má ṣe parọ́ lórí fọ́ọ̀mù. Bí kánsù bá fi planning contravention notice (ìwé tó ń béèrè bí ẹ ṣe ń lo ilẹ̀) ránṣẹ́, ọjọ́ 21 ni ẹ ní láti dáhùn, ẹ̀ṣẹ̀ sì ni irọ́ nínú rẹ̀. Breach of condition notice (ìwé tó ní kí ẹ tẹ̀lé condition tí ẹ rú) le jù ú lọ: ó kéré tán ọjọ́ 28 ni wọ́n máa fúnni, kò sì sí ìpẹ̀jọ́. Lóòótọ́, lẹ́yìn ọdún 10 kánsù sábà máa ń pàdánù agbára láti fìyà jẹ ìlò ilẹ̀ tó lòdì, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ fi pamọ́ lè má rí àǹfààní yẹn, àdéhùn yín pẹ̀lú onípáákì kò sì yí padà nípa rẹ̀. Ẹ kó gbogbo ìwé lọ bá àjọ LEASE, tó ń gbani nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ọ̀rọ̀ park home (káráfáànù ibùgbé).

Bí wọ́n bá ní kí ẹ kúrò, ẹ lọ sí ọ́fíìsì housing kánsù, tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilé, kí ọjọ́ tó pé. Akọ̀wé lè ní ẹ ṣáà ní káráfáànù. Ẹ dá a lóhùn pé lábẹ́ Housing Act 1996, abala 175, ẹni tó ní ilé tó ṣeé gbé rìn ṣùgbọ́n tí kò ní ibi tó lè gbé e sí kó sì máa gbé inú rẹ̀, aláìnílé ni.