Bí Mo Ṣe Palẹ̀ Ẹrù Ilé-ìwé Mọ́ Nígbà Tí Àwọn Ọmọ Gba Họlidé

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìwà télọ̀, kí ó gbé yunifọ́ọ̀mù lọ bá a nínú oṣù Kẹsàn-án. Gbogbo ìyá tó wà ní àdúgbò wa ní Mọ́lété, nílùú Ìbàdàn, ló ti dé ibẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Sípù kan ṣoṣo tí kò ju iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ á wá di "ẹ padà wá ní Sátidé", Sátidé á sì di Sátidé mìíràn. Ìdí nìyẹn tí èmi fi máa ń ṣe iṣẹ́ yìí ní ìparí oṣù Keje, ní kété tí wọ́n bá ti gba rìpọ́ọ̀tù dé, kí ẹnikẹ́ni tó rí àyè ti báàgì sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Mo tẹ́ ẹní sí pálọ̀, mo ní kí kálukú da báàgì rẹ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Èmi kì í kọ́kọ́ ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ọmọ tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ da ẹrù sílẹ̀ ni yóò lè ṣàlàyé bí síbí tí a ti ń wá láti oṣù Karùn-ún ṣe dé ìdí báàgì. Ìbùkún, tó ń lọ sí JSS 2, kò ní wàhálà kankan àfi bébà bisikíìtì. Ti Tèmi, àbíkẹ́yìn wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí Pírámárì 1, kún fún kùkùté pẹ́ńsù tí ọwọ́ kò lè dì mú mọ́, ó sì ń sunkún pé òun kò ní sọ ọ̀kankan nù. Ọ̀dọ̀ Dámọ́lá ni ọ̀rọ̀ wà. Èèpo ọsàn tó ti gbẹ bí awọ, sókísì ẹsẹ̀ kan, rúlà tí wọ́n ti fi eyín jẹ létí, àti kádígàn tí wọ́n fi bírò kọ orúkọ ọmọ ẹlòmíì sí lọ́rùn.

"Dámọ́lá, ta ló ni èyí?"

"Mọ́mì, a jọ pààrọ̀ ni."

"Tìẹ wá dà?"

Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀. Mo pe ìyá ọmọ náà lórí fóònù kí ilẹ̀ tó ṣú. Tiwa wà lọ́dọ̀ wọn lóòótọ́, òun náà ti ń wá ẹni tó ni ín.

Rìpọ́ọ̀tù Dámọ́lá fúnra rẹ̀ wà láàárín ìwé Ìṣirò, ó ti ká a kéékèèké. Ipò kọkànlá. Bàbá wọn kì í kọ́kọ́ wo ipò, ọ̀rọ̀ tí tíṣà kọ sísàlẹ̀ ni wọ́n máa ń kà. Tíṣà ní ọmọ náà lóye, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ pọ̀. Bàbá wọn wo èmi, èmi náà wo wọn, kò sẹ́ni tó sọ ẹni tí ọmọ fi jọ. Mo kó rìpọ́ọ̀tù gbogbo wọn sínú fáìlì tí ìwé-ẹ̀rí ìbí wọn wà, nítorí lọ́jọ́ tí èèyàn bá fẹ́ pààrọ̀ ilé-ìwé fún ọmọ, òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ bèèrè.

Ìwé nóòtù ló gba àkókò jù. Ti Ìbùkún, mi ò jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan ti Ìṣirò, Gẹ̀ẹ́sì, Yorùbá àti Sáyẹ́ǹsì. Ìdánwò àṣejáde JSS 3 tí gbogbo wa ń pè ní Junior WAEC kì í bèèrè iṣẹ́ JSS 3 nìkan, ó máa ń padà sẹ́yìn dé JSS 1. Mo dì wọ́n pọ̀, mo kọ ọdún sí wọn lára, mo gbé wọn sórí wọ́dúróòbù. Ti àwọn méjì yòókù, ìwé kọ̀ọ̀kan péré ni mo fi pamọ́, èyí tí ọwọ́ ìkọ̀wé wọn ti dára jù, kí àwọn náà lè rí i lọ́jọ́ iwájú.

Èyí tó kù, bébà tó mọ́ pọ̀ nínú rẹ̀ ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Ọ̀bẹ kékeré ni mo fi ṣí píìnì tó wà láàárín ìwé, mo wá yọ bébà náà láti àárín, ní olójú méjì-méjì. Ẹni tó bá já ojú ìwé kan láti ẹ̀gbẹ́, èkejì rẹ̀ tó wà lódìkejì yóò yọ dànù nígbà tó bá yá. Mo kó wọn jọ, Ìbùkún fi abẹ́rẹ́ ńlá àti òwú onílọ̀ọ́po rán an láàárín, a sì fi kàlẹ́ńdà tí wọ́n pín níbi òkú ṣíṣe bò ó. Kò sí bébà tó nípọn tó kàlẹ́ńdà òkú nílùú Ìbàdàn yìí. Bàbá olóògbé kan tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ ló wà lára jọ́tà Tèmi báyìí, ṣùgbọ́n mo yí ojú wọn sí inú. Jọ́tà tí a rí nínú rẹ̀ tó àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lò fún lẹ́sìnnì họlidé ní oṣù Kẹjọ.

Ojú ìwé tí wọ́n ti kọ, mo já èyí tó ní orúkọ ọmọ àti orúkọ ilé-ìwé kúrò, mo fún obìnrin tó ń ta ọṣẹ dúdú àti káún ní ìyókù. Alákàrà àdúgbò bèèrè, mo ní kí wọ́n má bínú. Mi ò fẹ́ kí epo gbígbóná yọ bírò sínú ohun tí èmi fúnra mi yóò padà wá rà jẹ láàárọ̀.

Ibi tí a dé nìyí tí Màmá, ìyá ọkọ mi, wọlé láti Bẹẹrẹ. Wọ́n wà lára àwọn ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1955, nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Awólọ́wọ̀ gbé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kalẹ̀ fún àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Wọ́n wo òkìtì aṣọ tó wà nílẹ̀, wọ́n pòṣé.

"Ìyá Ìbùkún, kí lo ń wò tí o kò tíì fọ àwọn nǹkan wọ̀nyí? Nígbà tiwa, Kérésì la fi ń parí ọdún ilé-ìwé. Ọyẹ́ ti dé. O fọ̀ ọ́ láàárọ̀, o lọ̀ ọ́ lọ́sàn-án."

"Màmá, ẹ gbọ́ òjò lórí páànù."

Wọ́n gbọ́ ọ. Wọ́n jókòó, wọ́n ní kí a gbé ẹ̀kọ wá.

Òjò oṣù Keje gan-an ló jẹ́ kí iṣẹ́ yìí gba ọgbọ́n. Ẹni tó bá rẹ gbogbo aṣọ lẹ́ẹ̀kan náà yóò máa gbóòórùn wọn títí ọ̀sẹ̀ yóò fi parí, nítorí aṣọ tó nípọn tí kò gbẹ dénú á máa rùn ni, áyọ́ọ̀nù kò sì lè mú òórùn náà kúrò. Ṣẹ́ẹ̀tì àti sókísì ni mo kọ́kọ́ fọ̀. Mo fún omi wọn, mo tẹ́ wọn sórí táwẹ́ẹ̀lì gbígbẹ, mo ká a pọ̀ mọ́ táwẹ́ẹ̀lì, mo ní kí Dámọ́lá máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Iṣẹ́ tó fẹ́ràn nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni mo so okùn láti ẹnu ọ̀nà kíṣìnì dé kọ́rídọ̀ níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ kọjá. Kádígàn, ṣòkòtò kákí àti báàgì, mo fi wọ́n sílẹ̀ di àárín oṣù Kẹjọ. Òjò Ìbàdàn sábà máa ń dákẹ́ díẹ̀ ní àkókò yẹn kí ti oṣù Kẹsàn-án tó padà wá.

Kí omi àti ọṣẹ tó kan aṣọ ni mo ti kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ bírò. Mo fi àkísà funfun sí abẹ́ ibi tí bírò kàn, mo fi òwú tí mo rẹ sínú sípíríìtì máa tẹ̀ ẹ́ láti òkè. Títẹ̀ ni, kì í ṣe fífà. Bí èèyàn bá fà á, yóò fẹ̀ sí i. Bí àkísà abẹ́ bá ti mu bírò, mo yí i sí ibi tó mọ́. Hípò kò gbọ́dọ̀ kan ṣẹ́ẹ̀tì alápótí-àpótí wọn, àwọ̀ rẹ̀ á ṣá ni. Sókísì funfun nìkan ni mo jẹ́ kó rí hípò, mo sì fi búlúù parí rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni wíwọ̀ wò. Síkẹ́ẹ̀tì Ìbùkún ti fi orúnkún sílẹ̀ lóde. Mo gbé e lọ bá Bùrọ̀dá Télọ̀, wọ́n jókòó, wọ́n ń gbọ́ rédíò, ẹ̀rọ wọn dákẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé ìṣẹ́tí rẹ̀. Ẹ tú u sílẹ̀ ni."

"Ìyá Ìbùkún, ẹ̀yin nìkan lẹ máa ń wá lásìkò yìí. Ẹ jókòó, ẹ máa gbé e lọ báyìí."

Ìlà ìṣẹ́tí àtijọ́ hàn díẹ̀. Mo po fínígà mọ́ omi, mo fi nu ojú ìlà náà, mo fi aṣọ bò ó, mo lọ̀ ọ́ pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù gbígbóná. Kò lọ tán, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi lè rí i ti súnmọ́ ọmọ mi jù. Ìdí ṣòkòtò Dámọ́lá ti fẹ́lẹ́. A fi àjákù aṣọ náà lẹ̀ ẹ́ láti inú. Nígbàkígbà tí mo bá rán yunifọ́ọ̀mù ni mo máa ń gba àjákù rẹ̀ lọ́wọ́ télọ̀. Yunifọ́ọ̀mù Pírámárì tí Ìbùkún fi sílẹ̀ ṣì tóbi ju Tèmi lọ. Ó padà sínú àpótí.

Ìwé kíkà ló kù. Ó máa ń yà mí lẹ́nu pé ìlú tí ilé-iṣẹ́ atẹ̀wétà University Press ti wà láti ọdún 1949, nígbà tó ṣì ń jẹ́ orúkọ Oxford, ìlú tí àwọn atẹ̀wétà ńláńlá kún àdúgbò Jẹ́ríkò, ìwé ọmọ ilé-ìwé ṣì ń wọ́n òbí níbẹ̀ tó báyìí. Èyí tí wọ́n ń kọ ìdáhùn sí nínú kò ṣeé fún ẹnikẹ́ni mọ́. Àwọn yòókù, Ìbùkún fi kílínà pa gbogbo ohun tó fi pẹ́ńsù kọ síbẹ̀ rẹ́, mo sì kó wọn lọ fún Ìyá Sàídù, tí ọmọ wọn ń wọ JSS 1. Àwọn náà ní ìwé JSS 2 tí ẹ̀gbọ́n ọmọ náà ti lò. A gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lórí tábìlì, a yẹ ẹ̀dà wò, ọ̀kan péré ni kò bá ti ilé-ìwé wa mu.

Sáńdààlì ni mi ò rà. Ẹsẹ̀ ọmọ kì í gba họlidé. Èyí tí a bá rà ní oṣù Keje lè ti há kí wọ́n tó wọlé. Mo ti sọ fún bàbá wọn kí wọ́n ya owó rẹ̀ sọ́tọ̀. Bí ó bá ku díẹ̀ kí wọ́n wọlé, a ó gba ọjà Alẹ́ṣinlóyè lọ, pẹ̀lú ẹsẹ̀ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.