Bí ẹ ṣe lè fi ojú ara yín rí sẹ́ẹ̀lì tó ń pín nínú gbòǹgbò àlùbọ́sà

Bí ọ̀bẹ bá gé yín lọ́wọ́ tí ojú ọgbẹ́ sì jinná, sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn yàrá tíntìntín tí ara ohun alààyè fi wà, ló pín. Ọgbọ́n kan náà ni gbòǹgbò àlùbọ́sà fi ń gùn, tirẹ̀ ló sì rọrùn láti rí. Bí mo ṣe máa ń ṣe é pẹ̀lú àwọn ọmọ kíláàsì mi ní Ilé-Ifẹ̀ nìyí.

Ẹ ra àlùbọ́sà kékeré kan ní Sábó. Ẹ fi ọ̀bẹ họ irùngbọ̀n gbígbẹ ìdí rẹ̀ kúrò, ẹ ki igi ìtayín mẹ́ta bọ̀ ọ́ lára, kí ó lè jókòó sẹ́nu ife, kí ìdí rẹ̀ ṣáà kan omi. Omi kànga ni mo ń lò. Ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin, gbòǹgbò funfun á ti yọ.

Ibi tí mo ti kọ́kọ́ kùnà rèé. Apá òkè gbòǹgbò ni mo gé, mo tẹjú mọ́ ọn títí dìrọ̀lẹ́, n kò rí sẹ́ẹ̀lì kan tó ń pín. Àwọn tòkè ti pín tán, gígùn ló kù fún wọn. Ṣóńṣó gbòǹgbò, milimítà méjì péré, ni iṣẹ́ wà.

Ẹ gé gbòǹgbò méjì, ẹ kó wọn sínú áàsìdì hydrochloric 1 M (ìwọ̀n bó ṣe le tó nìyẹn) tó wà nínú omi gbígbóná 60°C fún ìṣẹ́jú 5. Òun ló ń tú ohun tó lẹ sẹ́ẹ̀lì pọ̀. Olùkọ́ ni kó dà á, kì í ṣe ọmọ, kó sì wọ ìbọ̀wọ́. Ẹ fi omi ṣàn wọ́n, ẹ gé ṣóńṣó sórí gíláàsì pẹlẹbẹ, ẹ da ìyókù nù. Ẹ kán àró acetocarmine lé e, ẹ fi abẹ́rẹ́ tẹ̀ ẹ́ fọ́, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Ẹ wá fi gíláàsì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó, ẹ ká bébà lé e, kí ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀. Ẹ má yí i o!

Bí iná bá lọ, ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé tó maikirosíkóòpù onídígí. Ẹ má darí dígí náà sí oòrùn gan-an, ojú lẹ máa fi san án.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìlọ́po 100, kí ẹ tó lọ sí 400. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì náà kò ní jọ pé ó ń ṣe nǹkan kan: yàrá kan, kóro pupa kan láàárín. Àsìkò yìí gan-an ni sẹ́ẹ̀lì ń ṣe ẹ̀dà DNA rẹ̀, ìyẹn ohun tó gbé àbùdá rẹ̀, sílẹ̀ de ìpín. Ẹ máa wá kiri. Nínú èyí tó ti bẹ̀rẹ̀, kóro á dà bí òwú tó lọ́ mọ́ra, kromosóòmù nìyẹn, òun ló gbé DNA náà. Òwú yìí ni Walther Flemming, ará Jámánì, wò tó fi pe ìpín náà ní mitosis ní 1882, látinú ọ̀rọ̀ Gíríìkì fún òwú. Nínú òmíràn, wọ́n ti tò sí àárín gbùngbùn. Nínú òmíràn ẹ̀wẹ̀, okùn tín-ínrín ń fà wọ́n sọ́tùn-ún sósì, apá wọn ń wọ́ lẹ́yìn bí ewúrẹ́ tí wọ́n ń fà lọ sọ́jà tí kò fẹ́ lọ. Èyí ló máa ń mú àwọn ọmọ pariwo. Lẹ́yìn náà ni ògiri tuntun á là láàárín: kromosóòmù 16 níbí, 16 lọ́hùn-ún. Tènìyàn jẹ́ 46, àmọ́ sẹ́ẹ̀lì tiwa kò ní ògiri; ńṣe ló ń sún kì láàárín títí á fi já sí méjì.

Ọmọ kan bi mí pé, “Mà, ìgbà wo ni eléyìí máa fà á tán?” Kò ní fà á tán. Áàsìdì ti pa á, ibi tó fà á dé ló dúró sí. Bó bá fẹ́ rí èyí tó kàn, àfi kó wá a lára sẹ́ẹ̀lì mìíràn.