Ẹ má fún páànù pọ̀ nínú oven
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ìmúra ọdún o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ yan kéèkì àti adìyẹ pọ̀ torí gáàsì tó wọ́n, ẹ jẹ́ kí àyè tó ìka méjì wà láàárín páànù, kí wọ́n má sì kan ara oven, kí ooru lè ráyè yí wọn ká. Èmi fún tèmi pọ̀ lọ́dún tó kọjá ní Mọ́kọ́lá níbí: ìdí kéèkì jó dúdú, àárín rẹ̀ ń ṣàn bí ẹ̀kọ mímu. Ẹ gbé adìyẹ sísàlẹ̀, kí omi rẹ̀ má kán sórí kéèkì. Ẹ fi kún àkókò tẹ́ ẹ máa fi yan àwọn méjèèjì díẹ̀. Ẹja ńkọ́? Ẹ yan án lọ́tọ̀ jàre, àfi tẹ́ ẹ bá fẹ́ jẹ kéèkì olóòórùn panla.