Bàbá Aládàá Kì Í Kọ Rìsíìtì

Owó mi tó lé ní ₦130,000 ló bá yàrà Ìjẹ̀bú lọ, mi ò sì retí pé yóò padà mọ́. Mi ò fi ta tẹ́tẹ́ o. Akẹ́kọ̀ọ́ méjìdínlógójì ni mo kó lọ wo ohun tí mo ti ń fi ṣọ́ọ̀kì yà fún wọn lójú pátákó láti ọdún mẹ́fà.

Ìtàn ìlú Yorùbá àtijọ́ ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ipele 300: odi, yàrà, ẹnubodè. Lójú pátákó, Eredo Súngbọ́, yàrà Ìjẹ̀bú tí mò ń wí yìí, kò ju ìlà méjì lọ. Màá ní ó gùn tó 160 kìlómítà, pé níbòmíràn ó jìn tó 20 mítà, pé ó ti tó bí ẹgbẹ̀rún ọdún tí wọ́n gbẹ́ ẹ. Wọn á kọ ọ́ sílẹ̀, wọn á sì gbàgbé rẹ̀ lọ́jọ́ tí ìdánwò bá parí. Mo ní lọ́tẹ̀ yìí, ìsàlẹ̀ rẹ̀ gan-an ni wọn yóò dúró sí kí wọ́n tó gbójú sókè.

Ta ni yóò sanwó? Àwọn ọmọ ẹ̀ka ẹ̀rọ àti sáyẹ́ǹsì ní SIWES, ètò tó ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ kọ́ṣẹ́ níta, láti 1973. Tiwa ò sí níbẹ̀. Ẹnìkan ní kí n wo ọ̀dọ̀ TETFund, àjọ ìjọba tó ń fowó ran ilé-ìwé gíga lọ́wọ́. Mo wò ó. Ilé kíkọ́ wà níbẹ̀, ìwádìí olùkọ́ wà níbẹ̀, ìrìn-àjò lọ sí àpérò wà níbẹ̀. Bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ ipele 300 ni mi ò ríbi fi sí. Ilé-ìwé wa sì ti fòfin dè é pé olùkọ́ ò gbọdọ̀ gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Mi ò bá wọn jà lórí ìyẹn, mo mọ ohun tí àwọn kan nínú wa ti fi orúkọ ìrìn-àjò jẹ. Ó wá ku mẹ́mò.

Oṣù kejì 2023 ni mo kọ ọ́. Bọ́ọ̀sì méjì, ₦75,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan; oúnjẹ, omi, ẹni tí yóò mú wa wọgbó: ₦210,000 lápapọ̀. Ọ̀gá ẹ̀ka fọwọ́ sí i, díìnì fọwọ́ sí i, ìwé náà sì wọ ibi tí ìwé ń wọ̀. Ìgbà tó fi máa jáde, oṣù kẹfà ti wọlé. Ẹ ṣáà rántí 29 oṣù karùn-ún ọdún yẹn, ọjọ́ tí wọ́n kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Epo tí lítà rẹ̀ ò tó ₦200 sún mọ́ ₦500 láàárín ọjọ́ mélòó kan. Onímọ́tò tí mo bá ná owó lóṣù kejì kàn ń rẹ́rìn-ín ni: "Mọ́mì, ẹ̀yin náà ẹ wo ilé epo." ₦140,000 ni bọ́ọ̀sì kan di.

Ìwé ìfọwọ́sí ò sì kúkú ṣe é ra epo. Wọ́n ní kí n ná owó náà ná, kí n wá kó rìsíìtì wá gbowó. Owó oṣù ìgbà ìyanṣẹ́lódì 2022 ò tíì dé ọwọ́ wa, ìdánwò sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Mo lọ yáwó lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù.

Ìrìn-àjò náà dùn. Òjò ti mú kí ilẹ̀ máa yọ̀, ewéko tútù bo ara ògiri yàrà náà lọ sókè, àwọn ọmọ tí kì í dákẹ́ ní kíláàsì sì dákẹ́. Ọ̀kan so òkúta mọ́ okùn, ó fi wọn jíjìn rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni ọdún mọ́kànlélógún ni o! Mo dìídì yẹra kí n má bàa sunkún lójú wọn.

Ìwà ọ́díìtì, àwọn tó ń yẹ ìwé owó wò, ló lé ẹkún náà lọ.

"Mà, rìsíìtì ₦15,000 yìí dà?" Owó bàbá tó fi àdá lànà fún wa ni. Mo ti kọ ìwé, bàbá ti tẹ̀ka sí i. Ọmọkùnrin ọ́díìtì tó bi mí ní kò ní orúkọ ilé-iṣẹ́ lókè, kò ní òǹtẹ̀. Mo ní àdá ni ilé-iṣẹ́ bàbá. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní bí ẹyọ kan bá ṣaláìpé, gbogbo ₦210,000 ló máa dúró.

Mo fi ₦9,000 wọkọ̀ padà lọ sí Ìjẹ̀bú nítorí rìsíìtì ₦15,000. Bàbá gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán, ó ní: "Ọmọ mi, àwọn òyìnbó wá síbí, wọn ò bi mí ní rìsíìtì. Ìwọ tó o gbọ́ Yorùbá lo wá ń bi mí?" Ọmọ-ọmọ rẹ̀ mú mi dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé kan tó ní ₦2,000 lòun máa gbà, òun á fún bàbá ní ilé-iṣẹ́, nọ́ńbà àti òǹtẹ̀ kí n tó mu omi tán. Kí n má purọ́, mo rò ó dáadáa kí n tó kọ̀.

Ẹ̀ẹ̀kẹrin tí mo padà sí ọ́ọ́fíìsì yẹn ni ìyá kan tó ti sún mọ́ ìfẹ̀yìntì, tó jókòó sí kọ̀rọ̀, gbójú sókè: "Ẹ̀yin, ṣé wọn ò fún yín ní fọ́ọ̀mù owó ìmoore ni?" Ojú ìwé kan ṣoṣo. Orúkọ, iṣẹ́ tó ṣe, iye owó, ìbuwọ́lù tàbí ìtẹ̀ka. Inú dúrọ́ọ̀ ọmọkùnrin yẹn gan-an ló ti fà á yọ! Mo bú sẹ́rìn-ín, mo sì fẹ́ gbá nǹkan.

Mo tún gbọ̀nà Ìjẹ̀bú. Bàbá wo ìwé náà, ó wò mí, ó ní ṣé mo tún fẹ́ san owó náà lẹ́ẹ̀kejì ni.

Oṣù kọkànlá ni ₦210,000 wọ àkáǹtì mi, kò fi kọ́bọ̀ lé e. Mẹ́mò tí mo ń kọ báyìí, iye lítà epo ni mo ń kọ síbẹ̀, mo sì ń kọ ọjọ́ tí iye owó náà máa kásẹ̀ nílẹ̀ sí i. Ẹni tó pẹ́ jù ní ọ́ọ́fíìsì ni mo sì ń kọ́kọ́ kí, kí n tó kí ọ̀gá. Mo ti ṣe ẹ̀dà ogún fọ́ọ̀mù yẹn. Inú báàgì mi ló wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ páàdì íǹkì ìtẹ̀ka.