Rélùwéè láàárín ìlú, mọ́tò fún ìgbèríko: ìrìn àjò àkọ́kọ́ yín sí Ítálì

Ẹni tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù tàbí Manchester, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbèrò àti lọ sí Ítálì, á kọ́kọ́ to ìlú méje sínú ọjọ́ méje: Roma, Napoli, Firenze (Florence), Pisa, Bologna, Venezia (Venice), Milano. Èmi náà ṣe é. Ìlú méjì ni mo rí dáadáa, tésàn àwọn ìyókù ni mo rí. Tí ẹ bá ní ọjọ́ mẹ́wàá, ẹ mú ìlú mẹ́ta, kí ẹ fi ọjọ́ méjì kún un fún ìgbèríko.

Físà ṣáájú. Bó bá jẹ́ páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà lẹ ṣì ń lò, ìwé ìgbélùú tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún yín kò lè dípò físà Schengen, físà tí ẹ ó fi wọ Ítálì. Wọ́n á fẹ́ mọ ibi tí ẹ máa sùn lálaalẹ́, àti ìnṣọ́ráǹsì ìrìn àjò tó tó 30,000 yúrò, ó kéré tán. Bí ìlú bá ṣe pọ̀ tó ni ìwé hòtẹ́ẹ̀lì tí ẹ ó kó jọ á ṣe pọ̀ tó.

Láti ìlú ńlá sí ìlú ńlá, rélùwéè ni. Ilé iṣẹ́ méjì ló ní àwọn rélùwéè ayára-bí-àṣá: Trenitalia tó jẹ́ ti ìjọba, tó ń wa Frecciarossa, àti Italo tó jẹ́ ti aládàáni, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2012. Roma sí Firenze jẹ́ bíi wákàtí kan àbọ̀, Firenze sí Venezia lé díẹ̀ ní wákàtí méjì. Bíi ti ọkọ̀ òfuurufú ni owó wọn, ẹni tó bá tètè rà á ló ń rà á ní pọ́ọ́kú, àmọ́ èyí tó pọ́ọ́kú jù kì í ṣeé dá padà. Regionale, rélùwéè tó ń dúró káàkiri, kì í gbówó lórí. Ẹ lè rà á lọ́jọ́ tí ẹ ń lọ gan-an. Tó bá jẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì bébà, ẹ kọ́kọ́ ki ẹnu rẹ̀ bọ ẹ̀rọ kékeré tó wà ní tésàn, kó tẹ ọjọ́ àti wákàtí sí i lára. Ẹni tó bá gbàgbé á san owó ìtanràn, ẹ̀bẹ̀ àlejò kì í sábà wọlé.

Ní Roma Termini, tésàn ńlá Roma, pátákó ló ń da àlejò láàmú jù. Ẹ á dúró sábẹ́ Partenze, pátákó àwọn ọkọ̀ tó ń gbéra, ẹ á máa wá Firenze, ẹ ò ní rí i. Ibi tí ọkọ̀ á parí ìrìn sí ni wọ́n ń kọ gàdàgbà, Milano tàbí Venezia tàbí Torino. Nọ́ńbà rélùwéè tó wà lára tíkẹ́ẹ̀tì yín ni kí ẹ máa wò. Wọn kì í sì tètè sọ binario, ìyẹn pèpéle tí ọkọ̀ á ti gbéra. Nígbà tí nọ́ńbà rẹ̀ bá yọ, gbogbo èrò á jọ dìde lẹ́ẹ̀kan náà, àpótí á máa gba àpótí. Tí hòtẹ́ẹ̀lì yín bá wà lórí omi ní Venezia, ẹ má bọ́ọ́lẹ̀ ní Mestre, tésàn tó wà lórí ilẹ̀. Tésàn Santa Lucia ni tiyín.

Mọ́tò wúlò fún ìgbèríko Tuscany, agbègbè tí Firenze wà. Orí òkè ni Pienza àti Montepulciano wà, rélùwéè kò gun òkè dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ má yá mọ́tò lọ́jọ́ tí ẹ dé. Àárọ̀ tí ẹ ń kúrò ní Firenze ni kí ẹ lọ gbà á, ní pápákọ̀ òfuurufú, kí ẹ sì dá a padà kí ẹ tó wọ ìlú ńlá mìíràn. Láísẹ́ńsì Gẹ̀ẹ́sì olóníke tó; ti Nàìjíríà tàbí ti Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ ní International Driving Permit lẹ́yìn. Ẹni tí kò bá mọ gíà ọlọ́wọ́ wà, kó tètè sọ, torí mọ́tò tí gíà rẹ̀ ń yí fúnra rẹ̀ (automatic) kò pọ̀. Lórí autostrada, ọ̀nà márosẹ̀ tí wọ́n ń sanwó fún, ẹ ó já tíkẹ́ẹ̀tì níbi tí ẹ ti wọlé, ẹ ó sanwó níbi tí ẹ ti jáde. Ẹ sá fún ọ̀nà yẹ́lò tí wọ́n kọ Telepass sí, àwọn tó ní ẹ̀rọ tó ń sanwó fúnra rẹ̀ nínú mọ́tò ló ni ín.

Àmọ́ kì í ṣe tóògéètì ló ń jẹ owó àlejò. ZTL ni. Àárín ìlú àtijọ́ ni, níbi tí mọ́tò tí kò ní àṣẹ kò gbọ́dọ̀ wọ̀ láwọn wákàtí kan. Kò sí ọlọ́pàá, kò sí géètì, àfi àmì róbótó kan, funfun nínú, pupa létí, pẹ̀lú kámẹ́rà. Bí iná rẹ̀ bá kọ «varco attivo», ẹ má rò pé ọ̀nà ṣí. Kámẹ́rà ló ń ṣiṣẹ́.

Mo wọ ọ̀kan nílùú kékeré kan, fóònù ló júwe ọ̀nà fún mi. Mo ṣìnà, mo yí po, mo tún gba abẹ́ kámẹ́rà yẹn kọjá. Ẹ̀ẹ̀mejì nìyẹn lójú tiwọn. Oṣù kẹjọ tí mo ti délé ni lẹ́tà ìtanràn méjì dé. Àwọn tó yá mi ní mọ́tò ti yọ owó tiwọn nínú káàdì mi ṣáájú, owó iṣẹ́ pé wọ́n fi orúkọ àti àdírẹ́sì mi ránṣẹ́. Inú ZTL yẹn náà ni hòtẹ́ẹ̀lì tí mo sùn wà! Mo pe hòtẹ́ẹ̀lì náà. Obìnrin tó gbé fóònù ní ká ní mo ti fún àwọn ní nọ́ńbà mọ́tò lọ́jọ́ tí mo dé ni, àwọn ì bá ti fi ránṣẹ́ sí ìjọba ìlú, ọ̀rọ̀ ì bá ti parí. Mo ní kí ló dé tí wọn ò sọ. Ó ní èmi náà ò sọ pé mo gbé mọ́tò bọ̀.